Ojú Ìyá Nínú Amọ̀

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ amọ̀ rọrùn láti kọ́ ọmọdé, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti kọ́ ọmọ Ìkálẹ̀ rí. Èmi kọ́ wọn, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ kó amọ̀ fún ọmọ níbòmíràn, á mọ ejò, á mọ ẹyẹ, á mọ mọ́tò. Ẹ kó o fún ọmọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ po gbágùúdá láti kékeré, púpurú ni yóò mọ fún yín, ìṣù gbágùúdá tí a ń gbé sókè iná kó lè gbẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé káǹpù, mo ní kí wọ́n mọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Nígbà tí mo yí ká tán, púpurú ló kún orí pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, roboto-roboto, àwọn ọmọ sì ń wò mí tìgbéraga-tìgbéraga. Mo ní, "Ṣé ebi ń pa gbogbo yín ni?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mísì!" Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Tíṣà kékeré ni mí ní Òkìtìpupa nígbà náà, n kò tíì lọ́kọ, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ìyá mi, tó ń ṣe oko gbágùúdá ní Erinje, máa ń ní bí ọkọ bá tilẹ̀ ń bọ̀, ẹnu mi ni yóò lé e padà láti ojú títì. Ìjọ Aláàdúrà kan máa ń kó àwọn ọmọ wọn jọ sí Ìkọ̀yà lásìkò ọlidé gígùn, láti Ìrẹ̀lẹ̀, láti Òkìtìpupa àti láti àwọn abúlé oko. Inú ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní. Àárọ̀ jẹ́ ti àdúrà àti orin, ọ̀sán jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n wá tọrọ tíṣà tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ọ̀gá sì fi mí tọrẹ láìbi mí. Èmi kì í ṣe ara ìjọ wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ jù, wọ́n á wẹ̀yìn wò ó. Mo kùn títí mo fi dé Ìkọ̀yà.

Etí odò kan lẹ́yìn ìlú la ti ń wa amọ̀. Àwọn ọmọ á fi abọ́ rù ú wálé, a ó ṣa gbòǹgbò àti òkúta inú rẹ̀ kúrò, a ó po ó dáadáa, a ó sì fi àpò kòkó tí a ti rẹ sínú omi bò ó kí ó má baà gbẹ. Mo kọ́ wọn pé ohun tó bá nípọn, kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde bí inú ìkòkò. Mo kọ́ wọn pé ohun tí a bá mọ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó gbẹ kanrankanran, kí ó tó fojú kan iná, nítorí bí omi bá kù nínú rẹ̀, iná á lé omi yẹn jáde tipátipá, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ́. Wọ́n ń mi orí pé àwọn gbọ́. Irọ́ ni, wọn ò gbọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé tútù ni ìyá wọn máa ń gbé púpurú sókè iná, kò sì bẹ́ rí.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kò mọ púpurú ní tirẹ̀. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Wòlíì ni, ìyẹn bàbá tó jẹ́ olórí ìjọ náà, tó sì jẹ́ olórí káǹpù wa. Igun yàrá ló máa ń jókòó sí, eré rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó sú u. Ó bu amọ̀ tó pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orí ènìyàn. Mo lóṣòó tì í, mo ní, "Orí ta nìyí?"

"Ìyé mi ni," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá ẹni.

Mo ní, "Á á, ó dáa o. Ṣé ìyé rẹ máa wá wò ó lọ́jọ́ tí a bá ń túká?"

"Wọ́n ti kú, Mísì."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wò mí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ amọ̀ náà lọ. Ó sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni: "Mo ti ń gbàgbé ojú wọn, Mísì. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dijú, mo máa ń rí wọn. Ní báyìí, àgbọ̀n wọn nìkan ni mo ń rí, àti ihò imú wọn. Mo fẹ́ mọ ọ́n kó tó lọ tán."

Mo bi í bóyá wọ́n ya fọ́tò rí. Wọn ò yà. Mo bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í sọ fún un bí ìyá rẹ̀ ṣe rí ni? Ó ní bàbá òun kì í dárúkọ ìyá òun. Bí òun bá béèrè, bàbá á ní, "Wọ́n ń sinmi," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ti sú òun í bi.

Ìyá Ìjọ, àgbà obìnrin tó ń dáná fún wa, ló sọ ìyókù fún mi níbi tí a ti ń bó iṣu. Ibà ló ṣe obìnrin náà. Ìjọ wọn kì í lo oògùn nígbà yẹn, kì í ṣe Wòlíì nìkan, gbogbo wọn ni. Wòlíì gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó ń da omi àdúrà lé ìyàwó rẹ̀ lórí lójoojúmọ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ọmọ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí wọ́n tẹ́ ìyá rẹ̀ sí, ó ń wò wọ́n. Ìyá Ìjọ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Èmi kò nu ojú kankan. Inú ló ń bí mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kúnlẹ̀ kí Wòlíì láàárọ̀, orúnkún mi nìkan ló ń kí i.

Mo wá fọwọ́ sọ̀yà fún ara mi pé orí amọ̀ yẹn á délé. Mo jókòó ti ọmọ náà lójoojúmọ́. Mo bá a gbẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo fi hàn án bí a ṣe ń fi omi díẹ̀ dán ojú rẹ̀, bí a ṣe ń so etí mọ́ ọn kí ó má já. Orí náà kò jọ orí tí mo rí rí. Àgbọ̀n rẹ̀ gbórín, ihò imú rẹ̀ fẹ̀ bí nǹkan míì, ojú rẹ̀ sì kéré bíńtín. Mo ní, "Ṣé imú wọn tóbi tó báyìí?" Ó ní bí òun ṣe ń rí i nìyẹn. Ṣé èmi ni mo bí wọn ni?

Àwọn yòókù rí i, ni púpurú bá tán nílẹ̀; yàtọ̀ sí abọ́ mélòó kan tí mo kọ́ wọn, orí ènìyàn ló kù tí gbogbo wọn ń mọ. Ọ̀kan mọ bàbá rẹ̀ tòun ti fìlà. Òmíràn mọ èmi, ó sì la ẹnu amọ̀ náà gbàgà. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnu mi fi rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ń sọ̀rọ̀ ni, Mísì." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Ìyá Ìjọ wọlé, ó gbé igbá ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó rí àwọn orí tó tò sórí pákó. Ó pariwo, "Jésù! Ère! Ère nínú káǹpù Ọlọ́run!" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ni." Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ta? Ṣé ohun tí àwọn bàbá wa tìtorí rẹ̀ sá wọ inú ìgbàgbọ́ lẹ fẹ́ tún gbé kọ́ àwọn ọmọ wa?" Mo ní bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó ní imú ni ère, kí wọ́n lọ fọ́ dígí ilé wọn. Ṣé ẹ rí ẹnu mi? Ó sọ igbá kalẹ̀, ó lọ pe Wòlíì.

Wòlíì dé nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó ga, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ń wo orí wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ dànù sódò. Ó dé iwájú tọmọ rẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Ta nìyí?"

Ọmọ náà dìde. "Ìyé mi ni."

Wòlíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú amọ̀ náà fínnífínní. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ," ó sì jáde. N kò mọ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n máa bẹ̀rù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ àwọn orí yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ẹja nítòsí ológbò. Bí òjò bá ṣú, mo ti kó wọn wọlé. Bí oòrùn bá yọ fìrí, mo ti kó wọn síta. Ọmọ náà á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ti ìyá rẹ̀ wò, á ní, "Ó ti ń gbẹ, Mísì."

Ọjọ́ tí a ó sun wọ́n pé. Ọjọ́ náà gan-an ni lọ́rì máa wá kó àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ni mo ti kó díẹ̀ lára àwọn ọmọ lọ sí ẹbu kí a lọ bu èésan ẹkùrọ́ àti ìhá tí àwọn tó ń ṣe epo dà sílẹ̀, nítorí iná rẹ̀ máa ń mú, kì í sì í tètè kú. Ọmọ Wòlíì wà pẹ̀lú mi. Kò yé sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ibi tí òun máa gbé ìyá òun sí nínú ilé, pé orí àpótí ni, níbi tí òun á ti máa rí wọn bí òun bá jí. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí a padà dé, Wòlíì ló dúró ti pákó. Ìgò omi àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tán. Ó ti ya iṣẹ́ àwọn ọmọ sí mímọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Omi ń kán lára abọ́ wọn, ó ń kán lára orí wọn, àmọ́ orí tọmọ rẹ̀ ló dà á sí jù, ó rin gbindin, amọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń rọ̀. Ìyá Ìjọ ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Mísì, kò sí ẹni tó lè pè é ní ère mọ́!" Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọkùnrin yìí ti ń wá ọ̀nà láti ìgbà yẹn tí ọmọ rẹ̀ á fi lè gbé orí náà wọlé, tí ìjọ kò ní rí nǹkan sọ.

Mo ní, "Yéè! Bàbá! Amọ̀ tó fẹ́ wọná kì í mu omi!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣebí tútù là ń gbé púpurú sókè iná."

"Púpurú kọ́ nìyí, Bàbá. Yóò bẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ kó tún gbẹ."

"Lọ́rì ń bọ̀," ni ó wí. "Omi àdúrà kì í ba nǹkan jẹ́, ọmọbìnrin mi. Ẹ fi í sínú iná pẹ̀lú ìgbàgbọ́." Ó jẹ́ olórí káǹpù, ó sì jẹ́ bàbá ọmọ. Mo tò wọ́n yí iná kékeré ká fún ìgbà díẹ̀ kí ara wọn lè gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn kò yọ, ọjọ́ sì ń lọ. Ọmọ náà di aṣọ mi mú. Ó ní, "Ṣé kò ní í fọ́, Mísì?" A kó wọn jọ, a fi èésan àti ìhá bò wọ́n, a to imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ lé e, a sì ṣáná sí i. Àwọn ọmọ ń kọrin yí i ká.

Kò pẹ́ rárá. A gbọ́ pàù! Eérú ta sókè. Orin dúró. A tún gbọ́ òmíràn, àti òmíràn. Àwọn kékeré sá sẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ọmọ Wòlíì kò sá. Ó dúró síbi tí ooru ti ń jó o lójú, mo sì ní láti fà á sẹ́yìn.

Nígbà tí iná rọlẹ̀ tí nǹkan tutù díẹ̀, mo fi igi wa eérú. Abọ́ díẹ̀ sán, ṣùgbọ́n wọ́n wà lódindi. Orí tèmi tó la ẹnu wà níbẹ̀, iná kò ṣe é ní nǹkan kan. Ti ọmọ náà ti fọ́ yángá. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa á, ó ń fi èyí kan èyí, kò bára mu. Wòlíì tẹ̀ síwájú, ìgò òfìfo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ tún ti da omi lé wọn lórí."

Ìyá Ìjọ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Bàbá rẹ lò ń bá wí?" Ó gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Wòlíì di ọwọ́ náà mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ."

Mo ti kó ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí a ti bó iṣu, ọ̀rọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ tó lè bó ènìyàn lára. Mo wo ojú rẹ̀, n kò sì rí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ó dùn mí.

Ó ní, "Mísì, ṣé amọ̀ kù?"

Ó kù lábẹ́ àpò kòkó. Mo gbé e wá. Wòlíì ká ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú, lójú gbogbo ìjọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. Ọmọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń po ó lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí amọ̀ náà, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni: "Imú ìyé rẹ kò tóbi tó yẹn. Orí itan rẹ̀ lo máa ń sùn sí, ìsàlẹ̀ lo ti ń wò ó, òun ló fi rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ. Ojú rẹ̀ ló tóbi. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, yóò padé pátápátá, a ò ní rí i mọ́."

Ọmọ náà kò yíjú padà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹnu wọn ńkọ́?"

"Ètè òkè tín-ín-rín. Ti ìsàlẹ̀ nípọn, bíi tìrẹ."

"Ṣé wọ́n ń kọrin?"

"Á á." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ìyé rẹ kò mọ orin kọ. Bó bá gbé ohùn sókè, gbogbo akọrin á ṣìnà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa fi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kọ ọ́, kò gbà." Ó fi ọwọ́ amọ̀ nu ojú. "Mo rò pé bí n kò bá dárúkọ rẹ̀, kò ní í dùn ọ́. Èmi ló ń dùn."

Ọmọ náà yíjú padà. Ó wo ohun tí bàbá rẹ̀ ń mọ, ó ní, "Etí yẹn ti wà lókè jù," ó sì jókòó tì í. Ìyá Ìjọ fi aṣọ bojú, ó lọ sídìí àdògán rẹ̀. Èmi kó àwọn ọmọ yòókù lọ di ẹrù. Bí mo bá wẹ̀yìn wò, mo ń rí orí bàbá àti ọmọ tí wọ́n fi kan ara wọn, mo sì ń gbọ́ tí ọmọ ń béèrè tí bàbá ń dáhùn.

Lọ́rì fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́. Wòlíì bá ọmọ rẹ̀ gbé orí náà wá nínú abọ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Tútù ni, ó ṣì ń tẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀ ìgbà náà sì kún fún kòtò. Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú o. N kò rò pé èyí máa délé."

Ó gbé abọ́ náà lé itan rẹ̀. "Kò burú, Mísì," ni ó wí. "Bó bá fọ́, a ó tún un mọ. Bàbá mi mọ ojú wọn."